Ẹ Bi Wá: Firmware Tuntun fún Dọ́ọ̀kì Láǹtọ́ọ̀pù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Linux, kì í ṣe Windows, ni láǹtọ́ọ̀pù mi ń lò. Ó ní firmware tuntun (ètò inú ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀) ti dé fún dọ́ọ̀kì mi (àpótí tí mo fi ń so tẹlifíṣọ̀n àti kíbọ́ọ̀dù mọ́ láǹtọ́ọ̀pù), ṣùgbọ́n ẹ̀rù iná tó ń lọ lójijì ń bà mí. (Òǹkàwé, Ọ̀fà)

Ìdáhùn: Ẹ̀rù yín tọ́. Dọ́ọ̀kì tó ní ṣájà tirẹ̀ kì í jẹ bátìrì láǹtọ́ọ̀pù. Bí iná bá lọ nígbà tí firmware ń wọlé, dọ́ọ̀kì náà lè má tan mọ́. Inverter ni kí ẹ fi ṣe é. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo epo.

Ẹ yọ fláàṣì kúrò lára dọ́ọ̀kì, kí ẹ ki okùn dọ́ọ̀kì bọ ara láǹtọ́ọ̀pù gan-an. Ẹ tan dátà, ẹ ṣí terminal (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ fwupdmgr refresh, lẹ́yìn náà fwupdmgr update. Ojú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ so mọ́ ọn lè ṣókùnkùn, kí kíbọ́ọ̀dù náà dákẹ́: dọ́ọ̀kì ń tún ara rẹ̀ tan ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú fa okùn yọ nìyẹn! Àwọn dọ́ọ̀kì kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá yọ okùn wọn kúrò lára láǹtọ́ọ̀pù ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Terminal á sọ ọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ṣájà dọ́ọ̀kì. Àṣẹ fwupdmgr get-history á fi hàn bóyá firmware náà wọlé.