Kí ni ìtumọ̀ "transcortin", kí sì nìdí tí wọ́n fi ń ní họ́mọ̀nù "so mọ́" purotéènì?

Ẹ béèrè pé kí ni transcortin, àti pé tí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ aláboyún bá gbé kọ́tísólù (họ́mọ̀nù tí ara ń tú jáde tí másùn-máwo bá dé) tó pọ̀ gan-an jáde, ṣé másùn-máwo ló ń bá a fínra ni.

Transcortin ni purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé kọ́tísólù kiri. Ẹ jẹ́ n mú un látorí orúkọ. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Slaunwhite àti Sandberg, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1959. "Trans" ni gbígbé nǹkan kọjá, "cort" wá látinú cortex, ìyẹn èèpo lédè Látìn, torí ara èèpo ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín bíi fìlà ni kọ́tísólù ti ń jáde. Àwọn míì ń pè é ní CBG (corticosteroid-binding globulin), nǹkan kan náà ni.

Ara kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni wọ́n ti ń ṣe kọ́tísólù, ó fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ, omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe transcortin tó máa gbé e, ọ̀kan sí ọ̀kan. Tèmi o, mo gbà pé "pọ̀n" bá a mu ju "so mọ́" lọ. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ wà nínú ilé lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ò lè tó ìkòkò. Nínú 100 kọ́tísólù, bíi 80 sí 90 ló wà lẹ́yìn transcortin, albumin, purotéènì míì nínú ẹ̀jẹ̀, rọra pọ̀n èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù, ọ̀já tiẹ̀ ò le rárá, bíi 5 péré ló wá ń dá rìn, àwọn yẹn ló ń wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ ṣiṣẹ́.

Ti aláboyún wá nìyí: ẹ́sítírójìn, họ́mọ̀nù obìnrin tó ń pọ̀ nínú oyún, ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ kó ṣe transcortin sí i, ó lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, tí ẹ̀yìn bá sì pọ̀, ọmọ tí wọ́n pọ̀n á pọ̀. Èyí tó ń dá rìn náà máa ń lọ sókè díẹ̀ tí oyún bá ti dàgbà, àmọ́ òun kọ́ ló sọ nọ́ńbà yẹn di ńlá. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní ẹ́sítírójìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ itọ́ wò nìyẹn, wọ́n á ní kéèyàn jẹ òwú lẹ́nu fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, torí transcortin tóbi ju ohun tó lè gba ibẹ̀ kọjá, èyí tó ń dá rìn nìkan ló ń bọ́ sínú itọ́.

Ibi tó wú mi lórí jù ni ojú egbò. Tí kòkòrò bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì funfun á sáré débẹ̀, á tú ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ elastase jáde, elastase á gé transcortin níbì kan ṣoṣo, bí wọ́n ṣe gé e báyìí ló máa yí padà tí ò ní lè di ẹrù ẹ̀ mú mọ́, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti nílò kọ́tísólù láti mú kí wíwú náà rọlẹ̀ gan-an. Ibà pàápàá ń tú ọ̀já yẹn, tí ara bá ti gbóná kọjá 37.

Àwọn ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú míì náà ní in. Ti eku, corticosterone, họ́mọ̀nù tó ń ṣiṣẹ́ bíi kọ́tísólù lára wọn, ni transcortin wọn ń pọ̀n. Ọ̀bọ kékeré kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní squirrel monkey, transcortin tiẹ̀ ò lágbára, kọ́tísólù tó ń dá rìn lára ẹ̀ pọ̀ gan-an, síbẹ̀ kò ṣàìsàn, torí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kì í tètè gbọ́ ohun tí kọ́tísólù ń sọ.