Kraken inú fíìmù yẹn, ṣé òrìṣà òkun ni?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi gan. Bàbá kan ló bi mí, wọ́n ní ọmọ àwọn ọkùnrin wo fíìmù àwọn jàgùdà orí òkun, látìgbà náà tó bá ti fẹ́ da omi sí àbúrò ẹ̀ lára, á kọ́kọ́ gun orí àga, á wá pariwo "Release the Kraken!" Wọ́n ní kí ni ìtumọ̀ ẹ̀ gan-an, ṣé òrìṣà àwọn òyìnbó ni, bí Olókun tiwa, àbí irọ́ fíìmù lásán.

Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ Olókun kúrò ńbẹ̀ ná. Olókun lólùsìn, ó ní ojúbọ, Igbó Olókun wà ní Ilé-Ifẹ̀ níbi táwọn tó ń walẹ̀ ti rí i pé àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì láyé àtijọ́. Kraken ò ní nǹkan kan tó jọ ìyẹn. Ẹranko làwọn apẹja ilẹ̀ Nọ́wè kà á sí, ẹranko tó kàn tóbi ju ohun tójú lè gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ Nọ́wè náà ni orúkọ ẹ̀. Krake lọ́dọ̀ wọn ni nǹkan tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, bí igi tí ò dàgbà dáadáa tí ẹ̀ka ẹ̀ wá nà síbí nà sọ́hùn-ún, irú igi tí wọ́n tún lè fi ṣe ìkọ́ tàbí ìdákọ̀ró. "N" tó wà nídìí ẹ̀ ló dúró fún "náà", torí náà tóyìnbó bá sọ pé "the Kraken", ṣe ló dà bíi pé ó ń sọ pé "krake náà náà", ṣùgbọ́n ta ló máa bá wọn jà. Àwọn ará Jámánì tiẹ̀ ń lo Krake títí dòní fún octopus, ẹ̀dá ọlọ́wọ́ mẹ́jọ inú òkun yẹn.

Ẹni tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa ẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù ìlú Bergen, Erik Pontoppidan, tó kọ ìwé nípa ilẹ̀ àti omi àti ẹranko Nọ́wè, tó jáde ní 1752 sí 1753. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn apẹja ló kọ síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti dùn jù fún mi. Wọ́n ní tí oòrùn bá mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn táwọn bá wa ọkọ̀ jìnnà síta, àwọn á ju okùn tí wọ́n so òjé mọ́ sómi láti fi mọ bó ṣe jìn tó, ibi tó yẹ kó jìn tó nǹkan bíi mítà 150, okùn á dúró ní nǹkan bíi mítà 50, nígbà míì kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀. Inú wọn á dùn! Torí ẹja á pọ̀ níbẹ̀ bí iyanrìn, cod àti ling, cod yìí náà ni wọ́n ń sá gbẹ tó fi ń dé ọjà wa tá à ń pè é ní stockfish. Ohun táwọn apẹja mọ̀ ni pé ilẹ̀ kọ́ lòjé yẹn bà, ẹ̀yìn Kraken ló bà.

Kí wọ́n wá sá? Rárá o, wọ́n á jókòó síbẹ̀ máa pẹja ni, ṣùgbọ́n ẹnìkan á máa wo okùn. Tó bá ṣì jìn bó ṣe wà, ó ti dáa, tí omi bá wá ń dínkù sí i, á jẹ́ pé nǹkan ọ̀hún ti ń gòkè bọ̀ nìyẹn, kí kálukú yáa gbá àjẹ̀ mú. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Wọ́n á wà á dé ibi tí omi ti jìn bó ṣe yẹ kó jìn, wọ́n á wá dúró wòran, wọ́n ní ẹ̀yìn ẹ̀ á yọ bí erékùṣù kéékèèké tí koríko òkun yí ká, nǹkan bíi máìlì kan àtààbọ̀ téèyàn bá yí i po, àwọn nǹkan bí ìwo á sì máa nà sókè tí á ga bí òpó ọkọ̀ òkun. Tó bá wá fẹ́ padà sísàlẹ̀, omi á máa yí bírí, á máa fa gbogbo ohun tó bá wà nítòsí wọlé. Ìyẹn gan-an lẹ̀rù ń bà wọ́n sí.

Láti inú ìtàn yìí làwọn apẹja ìgbà yẹn ti máa ń sọ fẹ́ni tó bá kó ẹja púpọ̀ bọ̀ pé ó ní láti jẹ́ pé orí Kraken lo ti pẹja. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà rí i, àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yìí ń fi dápàárá, ó tún ń bù kún oúnjẹ wọn, fíìmù ló wá sọ ọ́ di ẹ̀rù pátápátá.

Ẹ wò ó bí fíìmù ṣe ṣe é. Lọ́dún 1981 wọ́n gbé e lọ sílẹ̀ Gíríìsì nínú Clash of the Titans, níbi tí ò ti ní mọ̀lẹ́bí kankan! Ẹranko òkun tí wọ́n rán pé kó wá jẹ Andromeda ọmọ ọba nínú ìtàn Gíríìsì, Kêtos ni wọ́n ń pè é, akọni kan tó ń jẹ́ Perseus ló pa á. Ray Harryhausen tó ṣe ti fíìmù yẹn fún un lọ́wọ́ mẹ́rin pẹ̀lú ìrù ẹja, ère kékeré ni, wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á tún yí i díẹ̀. Èmi fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yẹn ju ti kọ̀ǹpútà lọ, àmọ́ àgbà ti ń dé sí mi ni. Inú fíìmù yẹn ni gbólóhùn ọmọ yín ti wá, Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìsì, ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n tú Kraken sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2010 ni gbólóhùn náà wá gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, ó di ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́nì kan bá fẹ́ yọ ohun ìjà tó gbójú lé jù. Lọ́yà kan ní Amẹ́ríkà sọ pé òun máa tú Kraken sílẹ̀ lẹ́yìn ìbò 2020, ẹjọ́ náà ò sì já mọ́ nǹkan kan nílé ẹjọ́.

Èyí tí ọmọ yín wò, mo rò pé ti 2006 ni, ti Pirates of the Caribbean, níbi tí Davy Jones, ọ̀gá ọkọ̀ kan nínú fíìmù náà, ti ń rán an níṣẹ́. Ìyẹn tiẹ̀ sún mọ́ ti Nọ́wè díẹ̀, torí ọwọ́ gígùn tó ń fa ọkọ̀ wọlé, Pontoppidan náà kọ ọ́ pé wọ́n ní tó bá di ọkọ̀ ogun tó tóbi jù mú, á fà á wọsàlẹ̀. Kò kàn sẹ́ni tó lè rán Kraken tàwọn apẹja níṣẹ́ ni.

Ṣé irọ́ wá ni? Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ gbà pé giant squid, ẹ̀dá ńlá inú ibú òkun tó bá octopus tan, ló wà nídìí ìtàn náà, tàbí pé òun ló bá wọn fẹ ìtàn náà lójú. Ọwọ́ mẹ́jọ ló ní pẹ̀lú méjì míì tó gùn jù, ó lè gùn tó mítà 12 tàbí 13 téèyàn bá wọn ọwọ́ gígùn yẹn mọ́ ọn, ojú ẹ̀ tóbi gan, ẹja àbùùbùtán ló sì ń pa á jẹ. Japetus Steenstrup, ará Denmark, ló fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì, Architeuthis, ní 1857. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ẹ̀ láàyè nínú ibú títí di 2004, àwọn ará Japan méjì, Tsunemi Kubodera àti Kyoichi Mori, ló yà á nítòsí erékùṣù Ogasawara, wọ́n so ìjẹ mọ́ okùn, wọ́n so kámẹ́rà mọ́ ọn, wọ́n wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ bí mítà 900. Ó wá bá ìjẹ náà, ó há, ó ń jà fún wákàtí mẹ́rin ó lé, ó já ara ẹ̀ gbà lọ, ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀ fún wọn.