Èéṣe tí Amẹ́ríkà fi pín iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì ológun rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ka ìrajà ni mo wà ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Agodi, Ìbàdàn. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá lè gbé sátẹ́láìtì ológun Amẹ́ríkà lọ sójú òfurufú ní owó tó kéré jù, ṣé kì í ṣe ìnákúnàá ni kí ìjọba tún gbé iṣẹ́ fún àwọn tó wọ́n jù ú lọ? Ṣé àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Kì í ṣe ìnákúnàá rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Space Force, ẹ̀ka ológun Amẹ́ríkà tó ń bójú tó gbalasa òfurufú, pín iṣẹ́ 54 fún ilé-iṣẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta: SpaceX gba 28, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 5.9 dọ́là, ULA (United Launch Alliance) gba 19 ní bílíọ̀nù 5.4, Blue Origin sì gba 7. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ẹyọ kan lọ́wọ́ SpaceX sún mọ́ mílíọ̀nù 210 dọ́là, ti ULA sì lé ní 280. Lóòótọ́, ẹrù wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé e lọ kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà hàn, ìjọba sì mọ̀ọ́mọ̀ san án ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2014 ló là wọ́n lójú. ULA nìkan ló ń gbé àwọn ẹrù ńláńlá wọ̀nyí nígbà náà, ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas V rẹ̀, RD-180, sì ń ti Rọ́ṣíà wá. Nígbà tí Rọ́ṣíà gba Crimea lọ́wọ́ Ukraine, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà rí i pé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń bá ṣọ̀tá ni kọ́kọ́rọ́ ààbò wọn wà. Wọn kò sì lè sáré fa ẹlòmíràn wọlé, nítorí oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX, tó gba ìwé-ẹ̀rí láti gbé ẹrù ológun. Ọ̀nà kan kò wọjà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ti la ọ̀nà kejì kí àkọ́kọ́ tó dí.

Ìwé-ẹ̀rí yẹn kì í yá. Nígbà tí Vulcan, rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ti ULA, fò lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹnu tí iná ń gbà jáde lára ọ̀kan nínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já dànù. Vulcan dé ibi tó ń lọ síbẹ̀, àmọ́ oṣù kẹta ọdún 2025 ni ìjọba tó fọwọ́ sí i.

Ní ti Agodi, ẹ má ṣe é lórí bébà àti yíǹkì. Ẹni tó gba owó tó kéré jù tó fún ìyẹn. Oògùn ilé-ìwòsàn ni mo máa pín, nítorí àìrí rẹ̀ lásìkò lè pa ènìyàn. Ẹ kọ ìpín olúkúlùkù sínú ìwé ìpè fún tẹ́ńdà kí ẹ tó ṣí àpòòwé ẹnikẹ́ni, gẹ́gẹ́ bí Amẹ́ríkà ṣe kéde ìdá 60 àti 40 nínú ọgọ́rùn-ún ṣáájú kí ULA àti SpaceX tó jáwé olúborí ní ọdún 2020. Bí ẹ bá pín in lẹ́yìn tí ẹ ti rí iye owó wọn, ojúsàájú ni àwọn ayẹ̀wéwò máa kà á sí.