Ìbéèrè Yín: Fọ́tò etí òkun tó ti lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù

Ìwé mẹ́rin tó wọlé láti ilẹ̀ Okun ní Kogí lóṣù yìí, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà: ìsinmi ìgbà èwe tí àwọn òbí kó ọmọ lọ sí etí òkun l'Ékòó. Ó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwa tí à ń fi "Okun" kí ara wa, òkun oníyọ̀ jìnnà sí wa gan-an.

*Bàbá wa ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọdọọdún ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ kó wa láti Mopa nígbà ìsinmi. Àwọn fọ́tò tí a yà ní Bar Beach wà nínú álíbọ́ọ̀mù tí ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ yọ wọ́n, ọ̀kan ti ya. Òmíràn lẹ̀ mọ́ dígí férémù.* (Ọmọ Mopa)

Ẹ dáwọ́ dúró ná. Kí ẹ tó tún fa ẹyọ kan, ẹ fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, kí ẹ̀dà lè wà nílẹ̀ bí èyí tó kù bá tún ya. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn kò ti ràn wọlé tààrà ló dára, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ rọra ká ọ̀rá tó bo ewé náà kúrò, torí òun ló ń dán mọ́ni lójú. Ẹ pa iná fóònù, kí ẹ sì dì í mú kó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè ewé, kó má dagun.

Gọ́ọ̀mù irú álíbọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ máa ń gan bó bá pẹ́, pàápàá bí ó bá ti jókòó sórí àjà tí páànù ń yan án lọ́sàn-án. Fọ́tò tí ẹ kò kà sí jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé òwú tí wọ́n fi ń fọ àárín eyín, èyí tí kò ní ìda lára, tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Bí kò bá sí, okùn ìpẹja tó tín-ín-rín náà á ṣe é. Ẹ tì í bọ abẹ́ igun fọ́tò, kí ẹ máa fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ pákó, díẹ̀díẹ̀. Bí ohun kan bá máa tẹ̀, ewé álíbọ́ọ̀mù ni kí ẹ jẹ́ kó tẹ̀. Fọ́tò tó bá ti tẹ̀ á sán lójú, kò sì ní dọ́gba mọ́.

Bí kò bá gbọ́, ẹ yí ewé náà sẹ́yìn kí ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ, ooru tó kéré jù, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ̀rọ jìnnà tó ìbú ọwọ́ méjì. Ooru tó bá pọ̀ á mú ojú fọ́tò rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ọ̀bẹ kò wọ ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni kẹrosíìnì tí àwọn kan máa ń dá lábàá. Àbàwọ́n rẹ̀ kì í jáde.

Ti inú férémù ńkọ́? Ẹ má fà á rárá. Jẹ́látìnì, ohun tó máa ń lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù bó bá tutù, ló wà lójú fọ́tò àtijọ́. Òjò mú un rọ̀, ọyẹ́ wá gbẹ ẹ́ mọ́ dígí bí àtè. Ẹ gbé tòun ti dígí sórí síkánà, kí ẹ nu dígí mọ́, kí ẹ síkáànì rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Rírẹ ẹ́ sómi lè tú u lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ẹ sọ fún wọn pé 600 dpi (àmì 600 nínú ínṣì kan) lẹ fẹ́. Fọ́tò tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin, tó gùn ní mẹ́fà, á fún yín ní àmì 2,400 ní ìbú àti 3,600 ní gígùn, tó tó láti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, 200 ni ọ̀pọ̀ wọn á lò, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ sínú PDF kan. Ẹ gba JPEG tó dára jù, fọ́tò kan fáìlì kan. Èyí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ ló ti kú, kódà bó bá wà nínú òkùnkùn. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan. Kọ̀ǹpútà lè dá díẹ̀ padà.

Lẹ́yìn fọ́tò, pẹ́ńsùlù 2B ni kí ẹ fi kọ̀wé. Báírò máa ń tẹ̀ wọ iwájú, yíǹkì rẹ̀ sì ń tàn bí òjò bá dé.

*Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn. Wọ́n ní 1971 la lọ, èmi ní 1974. Kò sí ohunkóhun lẹ́yìn fọ́tò.* (Láti Kabba)

Kí ẹ tó wo ojú èèyàn, ẹ wo etí fọ́tò. Àwọn ilé ìfọ́tò kan ń tẹ oṣù àti ọdún sí etí funfun rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fọ̀ ọ́ nìyẹn. Fíìmù lè wà nínú kámẹ́rà láti Ọdún Àjíǹde dé Kérésìmesì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀nà ọkọ̀. Ní 2 oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ ní ọwọ́ òsì, ẹ̀gbọ́n ló jàre. Àmọ́ ẹ ka lẹ́tà ara pátákó tàbí nọ́ńbà ọkọ̀ kan ná: bí wọ́n bá yí, ẹ̀yìn fíìmù ni wọ́n tẹ̀, ọ̀tún á sì di òsì. Owó náà ń sọ̀rọ̀: bí pátákó olónjẹ bá kọ ṣílè, ó ṣeé ṣe kó ṣáájú 1 oṣù Kìíní 1973 tí náírà dé.

Eyín ọmọdé ni a fẹ́ràn jù. Eyín iwájú máa ń yọ ní bí ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje. Bí ẹ bá mọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín láìléyín yẹn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Ẹ má fi fífẹ̀ yanrìn ṣe ẹ̀rí. Àwọn ògiri òkúta tí wọ́n kọ́ sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún dí yanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn rìn lọ sí ìlà-oòrùn, ni òkun bá ń jẹ Bar Beach. Ìjọba sì ń da yanrìn sí i láti ìgbà dé ìgbà, nítorí náà ó lè fẹ̀ lọ́dún yìí kó tín-ín-rín lẹ́yìn ọdún méjì. Bí ẹ bá sì rí "Kogí" lẹ́yìn fọ́tò kan, ẹni tó kọ ọ́ pẹ́ kó tó kọ ọ́: 27 oṣù Kẹjọ 1991 ni wọ́n dá Kogí sílẹ̀, Kwara ni Kabba wà tẹ́lẹ̀.

*Màmá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Báwo ni kí a ṣe gba ìtàn ìrìn àjò wọ̀nyẹn lẹ́nu wọn?* (Láti Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ má bi wọ́n pé "Báwo ni ìsinmi yẹn ṣe rí?" "Ó dùn" ni ẹ ó gbọ́. Ẹ fi fọ́tò kan lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ bèèrè ohun kékeré: Ta ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Kí ni ẹ dì sínú kúlà? Ta ló bẹ̀rù ẹṣin tí wọ́n ń gùn létí òkun? Ìdajì wákàtí ti tó lẹ́ẹ̀kan, àárọ̀ sì sàn ju alẹ́ lọ. Ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tí a ká, kó má gba ariwo tábìlì, kí ẹ pa nẹ́tíwọ̀kì kí ìpè má dá ohùn dúró. Bí wọ́n bá ṣi ọdún sọ, ẹ má tún un ṣe lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gba ohùn wọn. Bí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, ẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í "rántí" ohun tí kò rí.

*Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi láti Ìsánlú lọ sí ibi tí bàbá mi kó wa lọ.* (Bàbá Ìbejì)

Bar Beach tí ẹ mọ̀ ti lọ. Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ sórí yanrìn tí wọ́n dà sókun, ló wà níbẹ̀ báyìí. Fún ọmọ kékeré, Tarkwa Bay ló rọ̀ jù, torí àwọn ògiri òkúta ọjọ́sí ló ń gba ìgbì dúró níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wọ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù amúniléfòó tó bá a mu, kì í ṣe ti àgbàlagbà tí ó máa yọ lórí rẹ̀.

Ìsinmi gígùn oṣù Keje àti Ìkẹjọ ni òkun máa ń ru jù. Àkókò Kérésìmesì sàn. Ọmọ tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Kampe lè rò pé òun mọ omi, ṣùgbọ́n òkun ń fani sẹ́yìn. Ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí omi rẹ̀ dúdú ju ẹ̀gbẹ́ lọ, tí ìfófòó ń lọ sínú òkun dípò kó máa bọ̀ sí etí, ibẹ̀ ló ń fà. Ẹni tó bá mú, kó má bá a jà, kó má bàa rẹ̀ ẹ́: kó léfòó lójú omi, kó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń tọ etí òkun lọ, títí fífà náà á fi dẹ̀, kó tó yí sí èbúté. Fún ọmọdé, omi kò gbọdọ̀ kọjá orúnkún ọmọ náà fúnra rẹ̀, kí àgbàlagbà sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ kan dání, ẹ̀dà ni o, kì í ṣe ojúlówó. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ àti yanrìn kò jẹ́ kí ojú fọ́tò pẹ́.