Ẹ Bi Wá, Ká Jọ Sọ Ọ́: ERP fún òwò kékeré, ṣé ká rà á àbí ká fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé búrẹ́dì ni mo ní ní Mọ́níyà n'Ìbàdàn, mo tún ní ìsọ̀ méjì tí wọ́n ti ń tà á, àwọn obìnrin tó ń gbà á láwìn lọ tà náà pọ̀. Ọmọkùnrin kan wá bá mi pé òun fẹ́ ta ERP fún mi, ó ní tí mo bá ti ń lò ó mi ò ní kọ nǹkankan sínú ìwé mọ́, wọn ò sì ní jà mí lólè mọ́. Owó tó pè é dẹ́rù bà mí. Ó tún ní ká tètè bẹ̀rẹ̀ kí Kérésì tó dé torí ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe. Kí ni ERP yìí gan-an, ṣé irú wa nílò ẹ̀?
*Ìyá Oníbúrẹ́dì, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Màámi, ẹ kú iná o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ olè kúrò ńlẹ̀: kò sí sọ́fítíwià tó ń mú olè. Ohun tó lè ṣe ni pé á jẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ̀ pé nǹkan ti dín, àti ibi tó ti dín. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré ṣá.

Mo mọ̀ pé ìwé yín ju ẹyọ kan lọ báyìí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba fúláwà wọlé, òmíì wà lọ́wọ́ ọ̀gá àwọn bẹ́kà, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, orúkọ àwọn tó jẹ yín lówó sì wà nínú báàgì yín, àbí kó jẹ́ orí lẹ fi ń rántí ẹ̀. Tóṣù bá parí ẹ ó wá jókòó máa wá bí gbogbo wọn ṣe máa bára mu, wọn ò sì ní bára mu. ERP (Enterprise Resource Planning ni wọ́n gé kúrú) ni sọ́fítíwià tó ń sọ gbogbo ìwé yẹn di ẹyọ kan. Ẹni tọ́rọ̀ kàn á tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ibi tó kù á yí padà fúnra ẹ̀. Orúkọ yẹn ló ń dẹ́rù bani, Gartner, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà l'Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1990, nígbà tó jẹ́ pé àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń rà á lọ́wọ́ àwọn bíi SAP ní Jámánì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ fi ń dún bíi ti ilé báńkì.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé àpò fúláwà kan. Ó wọlé láàárọ̀, storekeeper tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, stọ́ọ̀kù yín ti fi àpò kan lé sí i nìyẹn, owó tẹ́ ẹ jẹ ẹni tó gbé e wá náà ti lé. Bẹ́kà gbé e lọ pò, fúláwà inú stọ́ọ̀kù dín, àmọ́ owó ẹ̀ ò sọnù, ó ti wọnú iye tó ná yín láti ṣe búrẹ́dì ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ṣúgà, yíìsì àti bọ́tà. Obìnrin kan wá gba 40 láwìn, búrẹ́dì inú stọ́ọ̀kù já 40, gbèsè ẹ̀ gòkè, iye tẹ́ ẹ tà lónìí gòkè, ẹ sì lè wà níbi ìsìnkú n'Íṣẹ́yìn kẹ́ ẹ máa wò ó.

Ibi tí owó wà gan-an fún oníbúrẹ́dì ni ibi tẹ́ ẹ ti máa kọ ohun tó ń wọnú búrẹ́dì kan sílẹ̀. Ká ní búrẹ́dì ńlá yín kan ń jẹ fúláwà 500 gíráàmù, àpò 50 kílò yẹ kó mú 100 jáde. Tó bá jẹ́ 93 ni bẹ́kà ń kó jáde, méje ti lọ lórí àpò kan, ẹni tó bá ń po àpò 10 lójúmọ́ ti pàdánù 70 nìyẹn. Ó lè jẹ́ olè lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń gé e ò lo òṣùwọ̀n, ó lè jẹ́ èyí tó jóná tí wọ́n dà nù láìsọ. ERP ò lè sọ èwo ni, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n, ẹ ó sì bi wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó gbàgbé.

Ṣé ẹ nílò ẹ̀? Lójú tèmi, ẹ ti tó o lò, torí ẹ ń ṣe ọjà, ẹ ń tà á níbi méjì, ẹ tún ń tà láwìn. Ẹni tó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo tó sì ń jókòó síbẹ̀ fúnra ẹ̀, ìwé àti Excel ti tó o, ẹni tó bá sọ fún un pé kò tó, owó ẹ̀ ló ń wá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ nígbà Kérésì o! Hershey tó ń ṣe ṣokoléètì l'Amẹ́ríkà ṣe irú ẹ̀ ní 1999, July ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ tiwọn, ọjà Halloween, ọdún tí wọ́n ń pín súìtì fáwọn ọmọdé, ń bọ̀ l'October, gbogbo ẹ̀ dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, ọjà tó tó 100 mílíọ̀nù dọ́là ni wọn ò rí gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn tó béèrè ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà ọ̀hún wà nínú wíáháòsì. Tí Hershey ò bá bọ́ níbẹ̀, àwa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó di January tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹ̀dínwó tó bá lọ, á tún padà wá, wọ́n kì í pẹ́ padà.

Kẹ́ ẹ tó yọ owó, ẹ bi í bóyá náírà ni wọ́n á máa gbà àbí dọ́là, torí iye ènìyàn tó ń lò ó ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ka owó, lóṣooṣù. Ẹni tó ń san dọ́là nígbà tí dọ́là kan jẹ́ bíi ₦460 ṣáájú June 2023, bíi ₦1,500 ló ń bá a fà lọ́dún tó tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ owó búrẹ́dì ò ṣeé gbé sókè bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ tún bi í pé tíná bá lọ tí netiwọọkì sì já, báwo làwọn ọmọ ìsọ̀ ṣe máa tajà? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́la, ṣé ẹ lè kó gbogbo orúkọ àti gbèsè yín jáde sínú Excel? Kẹ́ ẹ wá ní kó fi búrẹ́dì tiyín gan-an ṣe é lójú yín, láti orí fúláwà dórí ìyá tó gba àwìn. Tó bá ń fi "Product A" hàn yín, ẹ ní kó lọ múra wá.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtijọ́. Ẹ̀yà ara mọ́tò là ń tà ní Ládípọ̀ l'Ékòó. A ti ra tiwa ó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè sọ pé brake pad kan ku 60, tá a bá dé orí ṣẹ́ẹ̀fù 41 la máa bá. Àwọn boys ò fẹ́ lò ó. Mo ní kí developer, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwià, máa tún un ṣe kó lè dà bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, owó tó ti gbà báyìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi rà á. Kí ni ṣíṣe?
*Oní-spare-parts, Ládípọ̀*

Ìdáhùn: Àbúrò, dá developer yẹn dúró ná. Lidl, ilé ìtajà ńlá tó wà ní Jámánì, ṣe irú ẹ̀. Iye tí wọ́n ra ọjà ni wọ́n fi ń ṣírò stọ́ọ̀kù tiwọn, iye títà ni sọ́fítíwià tí wọ́n fẹ́ lò ń fi ṣe é, wọ́n wá kọ̀ láti yí padà, wọ́n ní sọ́fítíwià ni kó yí. Ní 2018 wọ́n pa á tì lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méje, ìròyìn sì ní owó tó bá a lọ tó 500 mílíọ̀nù yúrò. Wọ́n rí owó náà ná, ìwọ ò ní in.

Lọ wo orúkọ ọjà nínú kọ̀ǹpútà ẹ lónìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wàá bá "brake pad Camry", "Camry pad front" àti "pad toyota", tí gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ ọjà kan náà, ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́ wọlé lórúkọ kan, ẹlòmíì ń tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ kejì. Part number tó wà lára páálí ni kó o fi sọ gbogbo wọn lórúkọ, kó o sì gba àǹfààní láti dá orúkọ tuntun kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn àyàfi ẹnì kan.

Ìkejì, nǹkan tí àwa tá a mọ Ládípọ̀ mọ̀ ni pé tí oníbàárà bá béèrè ohun tí ò sí ní ìsọ̀ ẹ, ọmọ ẹ á sáré lọ mú un ní ìsọ̀ ẹnìkejì, á tà á, wọ́n á sì ṣírò tó bá dalẹ́. Aládùúgbò náà á wá mú tìẹ. Àwọn tó kọ ERP yẹn ò ronú kan èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú 19 tó dín yẹn lè wà. Má sọ pé kí developer kọ nǹkan tuntun sí i: ṣí ìsọ̀ aládùúgbò sínú ẹ̀ bí oníbàárà kan, tún ṣí i bí ẹni tó ń kó ọjà wá fún ẹ, kí wọ́n máa kọ gbogbo ohun tó lọ àtohun tó bọ̀ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe sọ́fítíwià làwọn boys kọ̀ o, títẹ bọ́tìnnì mẹ́jọ lórí ọjà kan nígbà tí mẹkáníìkì ń pariwo ni wọ́n kọ̀, mú gbogbo ohun tí wọn ò nílò kúrò lójú wọn. Kó o sì máa ka ṣẹ́ẹ̀fù kan sí méjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, má dúró de kíkà ìparí ọdún.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán. Mo ní ìsọ̀ oúnjẹ ilé wa ní Peckham, London. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ERP méjì kan, Odoo àti ERPNext. Ṣé òótọ́ ni?
*Ọ̀rẹ́ yín, Peckham*

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Odoo, láti Bẹ́ljíọ̀m, ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àmọ́ iṣẹ́ akáǹtì pípé wà nínú èyí tí wọ́n ń sanwó fún. ERPNext, láti Íńdíà, kó akáǹtì mọ́ ọ̀fẹ́ tiẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá sáfà (kọ̀ǹpútà tó máa ń wà ní títàn) tẹ́ ẹ máa gbé e sí àti ẹni tó máa bójú tó o, ìyẹn ló ń jẹ owó. Ní ti London, HMRC, àwọn agbowó-orí ìjọba níbẹ̀, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Láti April 2022 gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT, owó-orí tó wà lórí ọjà, gbọ́dọ̀ máa lo sọ́fítíwià láti fi ìṣirò VAT wọn ránṣẹ́ sí wọn, list èyí tí wọ́n gbà wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó mú èyíkéyìí. Tẹ́ ẹ bá sì ń rò pé VAT ò kàn yín torí pé zero ni ti iṣu àti gàrí, iye tẹ́ ẹ tà wọ́n ṣì wà nínú £90,000 tí wọ́n fi ń wò ó bóyá kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀.