Ọ̀pá ìtẹ̀ lára kẹ̀kẹ́: má tíì ra họ́ọ̀bù yẹn o

Àbúrò, mo ka ìbéèrè ẹ. O ní kẹ̀kẹ́ àtijọ́ olóríìmù 28 kan wà nílẹ̀, o fẹ́ yọ pẹ́dáàlì tó ń yí roboto kúrò, kí o fi ọ̀pá méjì sí i tí ẹsẹ̀ á máa tẹ̀ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èèyàn lè dín agbára kù tàbí kó fi kún un bí ọ̀nà bá ṣe rí, kí ẹsẹ̀ kan náà sì máa fa bíréèkì. O bèèrè ohun méjì: fíríwíìlì (irin eléyín tí ṣéènì ń fà, tó ń gbé agbára lọ síwájú, tó sì ń yí lófìfo sẹ́yìn) eléyín mélòó ni kí o rà, àti bóyá họ́ọ̀bù (irin àárín táyà) tó máa ń mú bíréèkì téèyàn bá tẹ pẹ́dáàlì sẹ́yìn á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ti ìkejì ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló fẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹ.

Kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó dá ọ lóhùn pé kó o kàn pààrọ̀ họ́ọ̀bù, tó tún ń fi ìwé ẹ̀rí injiníà rẹ̀ halẹ̀, kò tíì fi sípánà kan irú kẹ̀kẹ́ yìí rí. Orí pépà ló ti ń gùn ún.

Wo bí nǹkan ṣe ń lọ nínú họ́ọ̀bù yẹn. Irú rẹ̀ ti wà tipẹ́; Torpedo tí Fichtel & Sachs gbé jáde ní Schweinfurt, ní Jámánì, lọ́dún 1903 ló lókìkí jù. Bí ṣéènì bá fa eyín rẹ̀ síwájú, irin ṣóńṣó kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kóònù á wé lọ sí apá ọ̀tún, á gbá họ́ọ̀bù mú, táyà á yí. Bí o bá dá eyín náà padà sẹ́yìn díẹ̀, kóònù yẹn á wé lọ sí apá òsì, á fẹ bàtà bíréèkì, bàtà á sì há mọ́ inú họ́ọ̀bù. Nítorí náà, kí bíréèkì tó lè mú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi agbára dá eyín yẹn PADÀ SẸ́YÌN.

Ọ̀pá ìtẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pá gbọ́dọ̀ padà sókè lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, láìfa táyà padà. Ìdí nìyẹn tí fíríwíìlì fi wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí fíríwíìlì mọ̀ ni pé kí ohunkóhun tó bá ń lọ sẹ́yìn má kọjá. O ti fi oníbodè sẹ́nu ọ̀nà, o wá ń retí kí bíréèkì gba ibẹ̀ wọlé. O lè tẹ ọ̀pá yẹn sókè sódò títí ilẹ̀ á fi ṣú, họ́ọ̀bù ò ní mọ̀ pé o ń bá òun sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á wá ní kí wẹ́dà jó fíríwíìlì pa kó má yí mọ́, torí họ́ọ̀bù náà ní fíríwíìlì tirẹ̀ nínú. Ìyẹn tún burú jù. Gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá ń gòkè, ṣéènì á máa dá eyín padà, bíréèkì á sì máa mú. Tẹ̀, mú. Tẹ̀, mú. Táyà ẹ̀yìn á máa ta gìrìgìrì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gírísì inú họ́ọ̀bù á ti jóná, á dúdú bí èédú. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba èèyàn nímọ̀ràn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹwọ́.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí bíréèkì ní ipa tirẹ̀, tí kò gba ibi tí agbára ń gbà. Ọ̀nà méjì ló wà.

Èyí tó rọrùn: fi pátákó ẹsẹ̀ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 24 sórí ọ̀pá, kó máa jì bí jángirọ́fà. Bí o bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìdí rẹ̀ á fa wáyà bíréèkì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé wáyà yẹn ń bá ọ̀pá lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà, ibi tó ti ń tẹ̀ yẹn ló sì ti máa já. Tó o bá máa ṣe é, gba wáyà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọ̀pá so mọ́ férémù, kí ó má baà máa ká jù.

Èyí tí mo fara mọ́ jù ni ti púlì, ìyẹn irin roboto kékeré tí wáyà ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ so kọ́ra: bí tòsì bá lọ sílẹ̀, kó fa tọ̀tún sókè. Wáyà onírin 3 mm ni kó o lò, láti ara ọ̀pá kan, gba orí púlì lókè, wá sára ọ̀pá kejì. Kí púlì náà má kéré sí sẹ̀ǹtímítà 5 láti etí dé etí. Púlì kékeré máa ń já wáyà ní fọ́nrán-fọ́nrán. Má so púlì náà mọ́ férémù ní dídì. So ó mọ́ apá kékeré kan tó lè sọ̀ kalẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2, kí sípíríǹgì tó le máa fà á sókè. Bí o bá ń gùn ún lásán, ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀, ìkejì ń sinmi, ìwúwo ẹsẹ̀ tó ń sinmi nìkan ni wáyà ń gbé. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ pọ̀, wáyà ò ríbi lọ, á fa púlì wálẹ̀, apá yẹn á sì fa bíréèkì.

Gbogbo wàhálà wà nínú sípíríǹgì yẹn. Ẹsẹ̀ tó ń sinmi lè wúwo tó kìlógíráàmù 10 lórí ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 45 láti ibi tó so mọ́ férémù dé ibi ẹsẹ̀, tí wáyà sì so mọ́ ọn ní sẹ̀ǹtímítà 30, kìlógíráàmù 15 ló ń fa wáyà. Púlì ń gba ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì, ó di 30. Bí sípíríǹgì bá rọ̀ ju ìyẹn lọ, bíréèkì á máa mú díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá ń gùn ún, wàá rò pé kẹ̀kẹ́ ló wúwo. Bí ó bá sì le jù, ọmọ tí kò wúwo kò ní lè dá kẹ̀kẹ́ dúró. Nǹkan bíi 40 ló dáa. O ò nílò òṣùwọ̀n kankan: fi okùn gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 àti ti lítà 10 kọ́ ibi tí púlì wà, apá náà kò gbọdọ̀ mira. Yọ wọ́n, gbé àpò sìmẹ́ńtì kan kọ́ ọ, 50 kìlógíráàmù nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Sípíríǹgì sítáǹdì ọ̀kadà méjì tí o so pọ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, kí o máa fà wọ́n le tàbí kí o máa tú wọn títí omi àti sìmẹ́ńtì á fi gbà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún èèyàn nìyí o: bíréèkì ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí ò ṣeé gbára lé bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń rìn bíi ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí táyà bá ń sáré, ṣéènì ọ̀pá kì í bá a, fíríwíìlì á kàn máa ké tá-tá-tá, gbogbo agbára ẹsẹ̀ ẹ á lọ sí púlì. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ ẹ á bá táyà, ṣéènì á gbá a mú, ìtẹ̀ tó o rò pé o fi ń dá a dúró á tún tì í síwájú. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, iwájú ọkọ̀ lò ń lọ yẹn. Nítorí náà, bíréèkì ọwọ́ ní táyà iwájú, dandan ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ti ẹ̀yìn, bíréèkì tó ní ìlù kékeré àti ìgbànú irin tó ń fún un ni kó o lò, èyí tí wọ́n máa ń dè sí apá òsì họ́ọ̀bù. Bíréèkì àtijọ́ tí ọ̀pá irin ń fà, tó ń gbá inú ríìmù, kò wúlò bí òjò bá ti rọ̀. Oníìlù náà máa ń pariwo, jẹ́ kó pariwo. Má fi ọ́ìlì sí i.

Ó yá, ọ̀pá fúnra rẹ̀. Bí wẹ́dà á ṣe so ó mọ́ férémù lẹ́yìn, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Búṣì idẹ, bóòtù 12 mm, gírísì. Ọ̀pá àárín kan á wà lókè wọn, lára férémù lábẹ́ ìjókòó, irin 20 mm lórí bíárìn UCP204 méjì (irú tó ní ìjókòó tí wọ́n ń fi bóòtù dè). Orí rẹ̀ ni fíríwíìlì méjèèjì á wà, ọ̀kan fún ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ṣéènì á ti ara ọ̀pá gòkè sí iwájú fíríwíìlì, á gba orí rẹ̀ kọjá, á sọ̀ sẹ́yìn sára sípíríǹgì fẹ́ẹ́rẹ́ tó kàn ń gba ọ̀lẹ ṣéènì, kìlógíráàmù 2 sí 3, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí owó máa ń ṣòfò sí: àwọn kan á ra fíríwíìlì méjì, wọ́n á de ọ̀kan sí ọ̀tún, wọ́n á yí ìkejì ojú dà sí òsì kí ó lè bá tọ̀tún dọ́gba lójú. Èyí tí wọ́n yí ojú rẹ̀ dà á máa fa ọ̀pá sẹ́yìn, síwájú á sì máa yí lófìfo.  Méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú sí ibì kan náà lórí ọ̀pá àárín, ọ̀kan ì báà wà lápá òsì férémù. Okùn inú fíríwíìlì, ìyẹn ìlà tó wé yíká bíi ti bóòtù, jẹ́ ínǹṣì 1.375, okùn 24 nínú ínǹṣì kan. Ní kí oníléètì (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) gé búṣì olókùn fún ọ, kí o jó búṣì yẹn mọ́ irin KÍ O TÓ de fíríwíìlì sí i. Iná wẹ́dà tó bá kan fíríwíìlì, ahọ́n kéékèèké inú rẹ̀ á rọ̀, kò sì ní hàn síta títí á fi yọ lójijì pẹ̀lú èèyàn lórí ẹ̀.

Láti ọ̀pá àárín sí ẹ̀yìn, eyín 22 lọ sí 18. Èyí tó bá jẹ́ 22, wá a lára kẹ̀kẹ́ tokunbọ̀ tó ní irin eléyín mẹ́ta níbi pẹ́dáàlì, òun ló kéré jù níbẹ̀. Ti ẹ̀yìn kí ó jẹ́ èyí tí kì í yí lófìfo, nítorí àwọn fíríwíìlì ọ̀pá ti wà. Ó túmọ̀ sí pé ṣéènì ẹ̀yìn kì í sinmi bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń lọ, ẹ̀yin aláṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, ẹ bò ó.

Ti pípààrọ̀ agbára: jó páànù 5 mm mọ́ ọ̀pá, lu ihò 5 sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15, 18, 22, 26 àti 30 láti ibi tí ọ̀pá so mọ́. Ihò 15 fún òkè, 30 fún ilẹ̀ títẹ́jú. Bí ẹsẹ̀ bá rin sẹ̀ǹtímítà 30, ihò 15 á fa ṣéènì ní 10, ihò 30 á fa á ní 20. Lórí ríìmù 28 tí táyà rẹ̀ ń rin mítà 2.2 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìtẹ̀ kan á gbé ọ ní nǹkan bíi mítà 1.3 ní ihò àkọ́kọ́, 2.6 ní ìkẹyìn. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ẹ, 44 sí 18, ń gbé ọ ní 2.7 fún ààbọ̀ ìyípo pẹ́dáàlì, o rí i pé kò jìnnà.

Má fi rúlà lu àwọn ihò náà ní títọ́ o! Gbé ọ̀pá sókè dé ibi tó ti ń sinmi, so okùn mọ́ iwájú fíríwíìlì níbi tí ṣéènì ti ń kúrò lára rẹ̀, so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ìdí okùn, fi ya ìlà tó tẹ̀ bí ọrun sórí páànù. Orí ìlà yẹn ni ihò á tẹ̀lé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìgbà tó o bá pààrọ̀ ihò ni ṣéènì á rọ̀ tàbí kó le jù. Bóòtù 10 mm ni kó o fi de ṣéènì: èèyàn kìlógíráàmù 70 tó dúró lórí ọ̀pá ń fa ṣéènì ní 210 ní ihò 15. Ìṣó ò gbà á.

Fi rọ́bà táyà sí òkè àti ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀pá ń dúró sí. Má sì ti kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn láé. Táyà á fa ọ̀pá méjèèjì sókè títí wọ́n á fi gbá ibi ìdúró, tó o bá sì fipá tì í, nǹkan á ṣẹ́. Gbé ìdí rẹ̀ sókè kó o tó yí i.

Ẹ̀yin tí ẹ tún ń gba ọmọ yìí níyànjú pé kó lọ sanwó fún ìforúkọsílẹ̀ pé òun ló dá a sílẹ̀: kẹ̀kẹ́ American Star ti ń fi ọ̀pá ìtẹ̀ rìn ní Smithville, New Jersey, láti nǹkan bí 1881. Fredrik àti Birger Ljungström ṣe kẹ̀kẹ́ ọ̀pá ìtẹ̀ Svea ní Sweden, owó Alfred Nobel wà nídìí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Terrot ní Dijon, ní Faransé, ta kẹ̀kẹ́ ọ̀pá ìtẹ̀ Lévocyclette tó ní ìpele agbára 10 ní nǹkan bí 1905. Àwọn tó ń gba owó fọ́ọ̀mù yẹn ò ní sọ fún un.

Mo fẹ́ gbàgbé ìbéèrè àkọ́kọ́. Eyín 16 ni, méjì. Ṣùgbọ́n kó o tó sanwó, gbé e sétí, yí i jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí o ka iye ìgbà tó ké. Èyí tó ké 18 lè jẹ́ kí ṣéènì rin mílímítà 11 lásán kó tó gbá mú, nínú 100 péré tó ní ní ihò 15. Bí o bá rí èyí tó ké 36, òun ni kó o mú.