Ṣé kí èmi àti ọmọ mi jọ wo The Last Tree?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Leeds la ṣì wà. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 16, ní kí a jọ wo The Last Tree, fíìmù tí Shola Amoo kọ tó sì darí. Mo ka ohun tí àwọn aṣelámèyítọ́ kọ nípa rẹ̀, ìyìn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní fíìmù náà ń ba àwa ìyá Yorùbá lórúkọ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ yìí kì í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́, inú yàrá ló ń wà ṣáá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Àbúrò mi, o kú làálàá ọmọ. Àwọn aṣelámèyítọ́ kò parọ́. Níbi Sundance, àjọ̀dún fíìmù ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í hàn ní 2019, kí ọdún náà sì tó parí, Sam Adewunmi tó ṣe Fẹ́mi, ọmọ tí ìtàn náà dá lé, àti Ruthxjiah Bellenea tó ṣe Tọ́pẹ́ ti gba àmì-ẹ̀yẹ níbi British Independent Film Awards. Ọ̀pọ̀ ló fi í wé fíìmù Moonlight. Apá ìkẹyìn, tí Fẹ́mi fi dé Èkó, ni àwọn kan bù kù pé wọ́n sáré parí rẹ̀. Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, tiwa ni. Láti bí ọdún 1955 síwájú ni àwọn èèyàn wa tó wá kàwé níbí ti ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá òyìnbó tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Iṣẹ́ àti ìwé ló pa pọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn, kì í ṣe ìkà. Wọ́n gbé irú Amoo náà fún òyìnbó tọ́, ó sì fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ kún ìtàn yìí. Lincolnshire, lọ́dọ̀ Mary, òyìnbó tó ń tọ́ ọ, ni Fẹ́mi ti gbọ́njú. Àjèjì ni Yínká tó bí i lójú rẹ̀ nígbà tó wá mú un lọ sí London. Ó nà án lóòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ kò ṣì í rí. Ṣùgbọ́n bí Gbemisola Ikumelo ṣe ṣe ìyá yìí, wàá rí bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, àánú rẹ̀ á sì ṣe ọ́.

Ibì kan wà tí àwọn ọ̀rẹ́ Fẹ́mi bi í pé orin ta ló ń gbọ́. Ó ní Tupac, olórin ráàpù, ni, bẹ́ẹ̀ The Cure, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì òyìnbó, ló wà létí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, rọra wo ojú ọmọ rẹ.

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ ní kí ẹ jọ wò ó, o tún wá ń bi mí! Ọmọ ọdún 15 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí pé kó wò ó níbí, nítorí èébú àti ìjà inú rẹ̀, ó sì ti ju ìyẹn lọ. Má dá fíìmù dúró láti wàásù. Tí Yínká bá ń na ọmọ, má sọ pé àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀, kódà bó bá di ọjọ́ kejì. Jọ̀ọ́, má sì pe ọ̀rẹ́ rẹ yẹn wá bá yín wò ó.